Ẹ Má Bú Fóònù Màmá, Iṣẹ́ Wa Ni Kò Dára

Ọ̀rọ̀ kan ti ń jẹ wá lọ́kàn láti ìgbà ìsinmi, a sì fẹ́ sọ ọ́ báyìí kó tó tutù. Ẹ̀bi tiwa ló wà nínú rẹ̀, a ò sì ní fi bò fún yín.

Méjì nínú wa jẹ́ ọmọ ìjọba ìbílẹ̀ Ewékorò, ọ̀kan láti Ìtòrí, ọ̀kan láti Pápálantó. Bí ẹ bá dárúkọ Ewékorò fún ẹnikẹ́ni, sìmẹ́ǹtì ni yóò kọ́kọ́ sọ. Wọn ò purọ́. Ọdún 1960, ọdún tí Nàìjíríà gba òmìnira, ni ilé iṣẹ́ ibẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í ṣe sìmẹ́ǹtì láti ara òkúta ẹfun tó wà lábẹ́ ilẹ̀ wa. Àwọn onímọ̀ nípa ilẹ̀ àti òkúta tilẹ̀ fi orúkọ ìlú wa pe irú òkúta náà. Ewekoro Formation ni wọ́n ń pè é nínú ìwé wọn, wọ́n sì ní ọjọ́ orí rẹ̀ lé ní mílíọ̀nù 50 ọdún. Àwọn ọ̀dọ́mọkùnrin tó ṣiṣẹ́ níbẹ̀ láyé ìgbà náà ti darúgbó báyìí, ọ̀pọ̀ wọn ti lọ. Fọ́tò wọn ló kù nínú àpótí lábẹ́ bẹ́ẹ̀dì. Ikán ń jẹ òmíràn, omi òjò ti ba òmíràn jẹ́, òmíràn sì wà tí kò sí ẹni tó lè sọ orúkọ àwọn tó wà nínú rẹ̀ mọ́.

A pinnu pé a ó lọ láti ilé dé ilé. A ó gba àyè lọ́wọ́ àwọn tó ni fọ́tò, a ó fi fóònù yà á, a ó kọ orúkọ àwọn tó wà nínú rẹ̀ sílẹ̀, a ó sì kó gbogbo rẹ̀ sórí ìkànnì kan tí ẹnikẹ́ni lè wò. Àwòrán 48 la rí kó jọ. Màmá kan ní Ìtòrí ló yá wa ní èyí tó wù wá jù. Ọkùnrin mẹ́sàn-án ló tò lẹ́gbẹ̀ẹ́ ara wọn níwájú ọkọ̀ akẹ́rù, wọ́n kún fọ́tò náà láti etí kan dé etí kejì. Ọkọ Màmá, tó ti di olóògbé, ló dúró ní ìparí pátápátá lápá òsì, ó gbé akoto dání. Màmá ń ka orúkọ wọn fún wa lọ́kọ̀ọ̀kan láti apá ọ̀tún, àwa ń kọ ọ́. Nígbà tí wọ́n dé orí ẹni ìkẹyìn, wọ́n fi ìka kàn án, wọ́n ní, "Bàbá àwọn ọmọ mi rèé."

A padà sí ilé ẹ̀kọ́. A jókòó ti láptọ́ọ̀pù nínú họ́sítẹ́ẹ̀lì, alẹ́ mẹ́ta gbáko la fi ṣiṣẹ́ náà. A to àwòrán sí òpó mẹ́rin, àlàfo tó dọ́gba wà láàárín wọn. Bí ẹ bá gbé mouse sórí àwòrán kan, ojú rẹ̀ á ṣú díẹ̀, orúkọ àwọn ènìyàn inú rẹ̀ á sì yọ síta. Ó dùn ún wò. A pe àwọn ará yàrá wa kí wọ́n wá wò ó, wọ́n pàtẹ́wọ́ fún wa. A fi líǹkì rẹ̀ ránṣẹ́ sórí WhatsApp, a lọ sùn.

Ní Sátidé kan báyìí, a lọ kí Màmá kí a lè fi iṣẹ́ hàn wọ́n. A ò gbé láptọ́ọ̀pù dání. Fóònù tiwọn la lò, Android kékeré kan tí ọmọ wọn obìnrin rà fún wọn, tí gíláàsì rẹ̀ ti là ní igun. A tẹ líǹkì. Nẹ́tíwọ́ọ̀kì ń yí, ó ń yí. A bẹ̀rẹ̀ sí í sọ̀rọ̀ oko àti ọjà kí àkókò lè lọ. Nígbà tí ojúewé náà dé, gbogbo ohun tó wà níbẹ̀ kéré bí èèrà. A fi ìka méjì fẹ̀ ẹ́, a wá àwòrán náà kàn, a sì gbé fóònù fún Màmá.

Màmá wò ó títí. Wọ́n gbé e súnmọ́ ojú, wọ́n tún gbé e jìnnà. Wọ́n wá bi wá pé, "Ẹ̀yin ọmọ mi, ṣé ẹ yọ bàbá àwọn ọmọ mi kúrò ni?"

A gba fóònù, a kà wọ́n. Ọkùnrin méje ló wà níbẹ̀. Ẹni tó wà ní ìparí lápá òsì kò sí, ẹni tó wà ní ìparí lápá ọ̀tún kò sí. Orúkọ ẹnì kankan kò sí níbẹ̀ pẹ̀lú.

Ọ̀kan nínú wa yára fèsì, ó ní, "Màmá, ẹ má bínú, fóònù yín ni kò dáa tó. Bàbá wà níbẹ̀ lórí láptọ́ọ̀pù."

Màmá ní, "Mi ò ní láptọ́ọ̀pù, ọmọ mi."

Ẹ̀yin ènìyàn wa, ojú tì wá. Nígbà tí à ń padà lọ nínú mọ́tò, kò sí ẹni tó sọ̀rọ̀ títí a fi fẹ́ẹ̀ dé Abẹ́òkúta.

Ohun tí a fẹ́ sọ lónìí kò ju èyí lọ: bí ìkànnì kan bá dára lórí láptọ́ọ̀pù tí kò dára lórí fóònù, kò dára. Ẹni tó kọ ọ́ ni kò tíì parí iṣẹ́. "Fóònù rẹ ni kò dáa" kì í ṣe èsì. Gbogbo wa la ti gbọ́ ọ rí, àwa kan náà sì ti sọ ọ́ fún ẹlòmíràn. Ẹ fẹ́ forúkọ sílẹ̀ fún ohun kan, bọ́tìnnì tí ẹ fẹ́ tẹ̀ wà lẹ́yìn òde ojú fóònù, wọ́n á ní kí ẹ lọ sí káfè. Ẹ fẹ́ wo àwòrán ìgbéyàwó ẹ̀gbọ́n yín, orí ìyàwó nìkan lẹ rí, wọ́n á ní kí ẹ lọ ra fóònù tuntun. Bí aṣọ tí télọ̀ rán kò bá ba oníbàárà mu, ṣé ara oníbàárà ni yóò ní kò dára? Ó yẹ kó ti wọn oníbàárà kó tó gé aṣọ.

Ta wá ni oníbàárà wa? Oṣù August ọdún 2001 ni GSM bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ní Nàìjíríà. Kí ó tó dé, ọ̀pọ̀ ilé lágbègbè wa ni kò ní tẹlifóònù onílà rí, bẹ́ẹ̀ ni wọn ò ní kọ̀ǹpútà. Nígbà tí íntánẹ́ẹ̀tì dé ọ̀dọ̀ wọn, inú fóònù ló bá dé. Àwọn ará òkè òkun kọ́kọ́ ní kọ̀ǹpútà lórí tábìlì fún ọdún gbọọrọ kí fóònù tó wá kún un. Ní tiwa, fóònù ni kọ̀ǹpútà àkọ́kọ́, fún ọ̀pọ̀lọpọ̀ òun náà sì ni ìkẹyìn. Nítorí náà, ẹni tó bá kọ ìkànnì nípa Ewékorò tó sì kọ ọ́ fún láptọ́ọ̀pù, àwọn tó ń gbé Ewékorò kọ́ ló kọ ọ́ fún.

Ẹ jẹ́ ká sọ bí a ṣe tún un ṣe, nítorí a mọ̀ pé àwọn kan nínú yín náà ń kọ ìkànnì fún ẹgbẹ́, fún ìjọ tàbí fún ọjà ìyá yín. Ohun tó bà á jẹ́ kì í ṣe ẹyọ kan, wọ́n pọ̀, ọ̀kan sì ń fara pamọ́ sẹ́yìn èkejì.

Èyí àkọ́kọ́ ni kíkéré tí gbogbo nǹkan kéré. Ó ní ìtàn. Nígbà tí iPhone jáde ní ọdún 2007, fún kọ̀ǹpútà ńlá ni wọ́n kọ ọ̀pọ̀ ìkànnì tó wà láyé. Apple wá dá ọgbọ́n kan: fóònù náà á ṣe bí ẹni pé ojú rẹ̀ fẹ̀ tó 980 pixel, á to ojúewé sórí ìbú yẹn, á wá fún un kéré kó lè wọ inú ojú rẹ̀ kékeré. Àwọn fóònù yòókù tẹ̀lé e. Bí ẹ ò bá fẹ́ kí fóònù ṣe bẹ́ẹ̀, ẹ gbọ́dọ̀ sọ fún un. Ìlà kan ṣoṣo ni, òkè ojúewé náà la sì ń kọ ọ́ sí:

<meta name="viewport" content="width=device-width, initial-scale=1">

Àwa kò kọ ọ́. Ìlà kan péré. A fi sí i, a sì rò pé ọ̀rọ̀ ti parí.

Ńṣe ló tún burú sí i. Ojú ọ̀pọ̀lọpọ̀ Android tó wà lọ́jà wa kò fẹ̀ ju nǹkan bíi 360 pixel lọ ní ìṣirò browser. Òpó mẹ́rin tí a ti tò wá ní láti há mọ́ ara wọn nínú ìwọ̀n yẹn. Bí ẹ bá yọ àlàfo ẹ̀gbẹ́ àti ti àárín kúrò, òpó kọ̀ọ̀kan kò ju 73 pixel lọ. Bẹ́ẹ̀, a ti pàṣẹ pé gíga àwòrán kọ̀ọ̀kan gbọ́dọ̀ jẹ́ 200 pixel, a sì ti ní kí browser gé ohunkóhun tó bá ṣẹ́kù lẹ́gbẹ̀ẹ́. Fọ́tò Màmá, tí a bá gbé e ga tó 200, yóò fẹ̀ tó 300. Orí láptọ́ọ̀pù wa, àpótí rẹ̀ fẹ̀ tó nǹkan bíi 300, nítorí náà kò sí ohun tó gé. Orí fóònù Màmá lọ́jọ́ Sátidé yẹn, àpótí náà fẹ̀ tó 228, ó sì gé 36 kúrò lápá òsì àti 36 lápá ọ̀tún. Ibi tí bàbá dúró sí gan-an nìyẹn. Nígbà tí a wá fi ìlà viewport sí i, 73 nínú 300 ló ṣẹ́kù, ọkùnrin méje di méjì.

Nígbà náà la wá mọ̀ pé fóònù kọ́ ló yọ bàbá kúrò. Àwa la kọ ọ́ sínú kóòdù pé kí wọ́n gé e, kìkì pé láptọ́ọ̀pù wa kò jẹ́ ká rí àṣẹ tí a pa.

A yọ gíga tí a kàn nípá kúrò. A kọ max-width: 100% àti height: auto fún àwòrán, ìyẹn ni pé kí àwòrán má fẹ̀ ju àyè rẹ̀ lọ, kí gíga rẹ̀ sì tẹ̀lé ìbú rẹ̀ bí wọ́n ṣe yà á. Dípò òpó mẹ́rin tó le bí òkúta, a lo CSS Grid, tó ti wà nínú àwọn browser ńlá láti ọdún 2017, a sì sọ fún un pé kí òpó kankan má kéré ju 150 pixel, kó máa ka iye òpó tó lè gbà fúnra rẹ̀. Lórí fóònù Màmá, òpó méjì ló fúnni. Lórí láptọ́ọ̀pù, ó fúnni ní méje. Fún fọ́tò tí ènìyàn bá pọ̀ sí bíi ti Màmá, a ní kó gba ìbú ojú fóònù látòkè délẹ̀ ìlà náà, òun nìkan. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má gé fọ́tò ẹbí sí onígun mẹ́rin dọ́gba torí pé ó lẹ́wà. Ẹni tó wà ní etí fọ́tò náà lẹ́bí.

Èkejì, ojúewé náà ń yọ̀ lọ sí ẹ̀gbẹ́. Bí ẹ bá ń fi ìka fà á sókè, òun á máa sá lọ sápá ọ̀tún, àyè funfun kan á ṣí sílẹ̀ níbẹ̀. Èyí túmọ̀ sí pé ohun kan wà nínú ojúewé náà tó fẹ̀ ju ojú fóònù lọ. Wíwá olè náà ló máa ń ṣòro. Ọgbọ́n tó gbà wá ni pé a fi ìlà pupa yí gbogbo ohun tó wà lójúewé náà ká nínú CSS. Lẹ́sẹ̀kẹsẹ̀ la rí i: àwòrán ojú irin tí a fi ṣe orí ojúewé náà, a ti ní kó fẹ̀ tó 1200 pixel. Òun nìkan ló ń fa gbogbo ilé lọ. Ẹ má ṣe sá fún iṣẹ́ yìí nípa fífi overflow: hidden bò ó mọ́lẹ̀. Ẹ̀ẹ̀kan la dán an wò, àwòrán náà kò yọ̀ mọ́ lóòótọ́, ṣùgbọ́n ohun tó ju ìdajì rẹ̀ lọ kò ṣeé rí mọ́.

Ẹ̀kẹta, orúkọ. A ti sọ fún yín pé orúkọ kì í yọ àyàfi bí mouse bá wà lórí àwòrán. Níbo ni mouse wà lára fóònù? Ìka ni ènìyàn ní, ìka kì í sì í rábàbà lórí gíláàsì. Nínú gbogbo àṣìṣe wa, èyí ló dùn wá jù, nítorí orúkọ ni ìdí tí a fi jáde nílé. Fọ́tò tí kò ní orúkọ, àjèjì ló kù nínú rẹ̀. A wá kọ orúkọ sábẹ́ àwòrán, gbangba, níbi tí ẹnikẹ́ni lè kà á láìtẹ nǹkan kan.

Bí a ṣe kọ orúkọ tán, àmì ohùn tún da wá láàmú. Fọ́ǹtì tí a yàn kò mọ èdè Yorùbá. Ó gbé àmì orí ẹ́ sí ẹ̀gbẹ́, ó sọ òmíràn di àpótí òfìfo. Ìdí ni pé lẹ́tà bíi è àti ó ní nọ́ńbà tirẹ̀ nínú Unicode, ṣùgbọ́n ẹ́ àti ọ̀ kò ní. Ẹ tàbí ọ la ń kọ, a ó wá fi àmì ohùn lé e gẹ́gẹ́ bí ohun ọ̀tọ̀, fọ́ǹtì ló sì gbọ́dọ̀ mọ ibi tí yóò gbé e kà. Noto Sans ti Google mọ̀ ọ́n, òun la fi pààrọ̀ rẹ̀. Ní ti orúkọ fáìlì, a kọ ọ́ láìní àmì, torí kọ̀ǹpútà kan lè kọ Ewékorò lọ́nà kan kí èkejì kọ ọ́ lọ́nà mìíràn, wọ́n á wá ní àwọn ò rí fáìlì. Àmì ohùn wà fún ojú ènìyàn, ibi tí ènìyàn ti ń kà ni kó wà.

Ẹ̀kẹrin ni owó. Fọ́tò tí a fi fóònù yà ń wúwo tó nǹkan bíi 4 MB. Àwòrán 48 lọ́nà 4, 192 MB nìyẹn. Ìyẹn ni pé a ní kí Màmá ná 192 MB dátà kí wọ́n lè wo ọkọ wọn. Ní oṣù January ọdún 2025, àjọ NCC fọwọ́ sí i kí àwọn ilé iṣẹ́ tẹlifóònù fi tó 50% kún owó tí wọ́n ń gbà. Ẹnikẹ́ni tó bá ń ra dátà mọ ohun tí ìyẹn ṣe fún àpò. A dín àwòrán kù sí ìbú 800 pixel, a fún wọn pọ̀, ọ̀kọ̀ọ̀kan di bíi 100 KB, gbogbo rẹ̀ kò pé 5 MB mọ́. Ojú Màmá kò mọ ìyàtọ̀. A tún kọ loading="lazy" sí àwọn àwòrán tó wà nísàlẹ̀ kí fóònù má fà wọ́n wọlé àfi tí ènìyàn bá súnmọ́ wọn, a sì kọ ìbú àti gíga àwòrán kọ̀ọ̀kan sínú HTML kí browser lè fi àyè sílẹ̀ dè é. Láìṣe bẹ́ẹ̀, ojúewé á máa fò bí àwòrán ṣe ń dé, ẹ fẹ́ tẹ nǹkan kan, òmíràn lẹ máa tẹ̀.

Gbogbo àtúnṣe yìí, ọjọ́ méjì la fi ṣe é. Ìyẹn ló ń bí wa nínú sí ara wa. Kì í ṣe ohun tó ju agbára wa lọ. Oṣù May ọdún 2010 ni Ethan Marcotte ti kọ àròkọ rẹ̀ tó sọ bí ojúewé kan ṣe lè bá gbogbo ìwọ̀n ojú mu. Google fúnra rẹ̀ kéde ní ọdún 2016 pé bí ojúewé bá ṣe rí lórí fóònù ni òun yóò fi máa ka ìkànnì. Ìmọ̀ náà ti wà nílẹ̀ kí púpọ̀ nínú wa tó wọ ilé ẹ̀kọ́ girama. Àwa la wo láptọ́ọ̀pù tí a rò pé ayé là ń wò.

A mọ ohun tí àwọn kan yóò sọ. Àwọn kan á ní, ṣebí Chrome orí láptọ́ọ̀pù lè ṣe bí fóònù, ẹ lò ó. A lò ó, ó wúlò, ibẹ̀ la ti rí olè tó ń fa ojúewé. Ṣùgbọ́n kò lè ṣe bíi nẹ́tíwọ́ọ̀kì Ìtòrí ní ọ̀sán Sátidé bó ṣe ń rí gan-an. Kò lè ṣe bíi oòrùn tó ń ràn sójú gíláàsì, tàbí àtàǹpàkò ẹni tó ti fi ọwọ́ ṣiṣẹ́ oko fún ogójì ọdún. Opera Mini tí ọ̀pọ̀ ènìyàn fi ń tọ́jú dátà kò sì sí nínú rẹ̀. Bí ó bá wà ní ipò tó ń fún nǹkan pọ̀ jù, orí kọ̀ǹpútà Opera ló ti ń se ojúewé jinná kó tó gbé e wá, kì í sì í ṣe gbogbo JavaScript ló ń ṣiṣẹ́ níbẹ̀. Gálárì tó bá jẹ́ pé JavaScript nìkan ló lè gbé àwòrán rẹ̀ jáde lè wá lófìfo. Fóònù gidi, lọ́wọ́ ènìyàn gidi, kò ní arọ́pò.

Àwọn mìíràn á ní, kí ló dé tí ẹ kò kó fọ́tò sórí WhatsApp kí ọ̀rọ̀ tán? Àwa náà fẹ́ràn WhatsApp. Ṣùgbọ́n WhatsApp sábà máa ń dín àwòrán kù, orúkọ abẹ́ rẹ̀ lè já bọ́ bí àwọn ènìyàn ṣe ń pín in kiri, nígbà tí fóònù bá sì kún, fọ́tò la kọ́kọ́ ń parẹ́. Ọmọ-ọmọ Màmá tó bá wá orúkọ bàbá rẹ̀ àgbà lẹ́yìn ọdún mẹ́wàá kò ní rí i nínú ìfọ̀rọ̀wérọ̀ ẹgbẹ́ kan. Ìkànnì tó dúró síbì kan la nílò, èyí tí fóònù lè ṣí.

Àwọn kẹta á ní, àwọn àgbà kì í wo ìkànnì, kí ni ẹ ń yọ ara yín lẹ́nu fún? Àwọn wọ̀nyí la fẹ́ bá wí díẹ̀. Àwọn àgbà kò wo ìkànnì wa torí pé nígbà tí wọ́n gbìyànjú, wọn ò rí ara wọn níbẹ̀. Ẹ ò lè ti ilẹ̀kùn mọ́ ènìyàn kí ẹ tún máa sọ pé kì í wá síbi yín.

Nítorí náà, ohun mẹ́ta là ń bẹ̀bẹ̀ fún. Ẹ̀yin tí ẹ ń kọ kóòdù bíi tiwa, ẹ bẹ̀rẹ̀ láti orí ojú fóònù tó kéré jù tí ẹ lè rí yá, kí ẹ tó máa fẹ̀ ẹ́ lọ sí láptọ́ọ̀pù. Ó rọrùn láti fi àyè kún ohun tó dára ní kékeré ju kí a máa fún ohun ńlá mọ́ inú ìgò lọ. Ẹ̀yin olùkọ́ wa tí ẹ ń fúnni ní iṣẹ́ àṣetiléwá lórí HTML, ẹ jọ̀ọ́ ẹ fi máàkì sí ti fóònù. Ẹ má wo iṣẹ́ wa lórí ògiri kíláàsì nìkan. Ẹ yọ fóònù yín jáde, ẹ ṣí i, kí ẹ pa dátà tó jẹ kọ sílẹ̀. Bí ẹ bá ṣe bẹ́ẹ̀ fún sáà kan péré, àwa ọmọ yín á gbọ́n. Ẹ̀yin tí ẹ sì ń lo ìkànnì tí ẹ kò mọ̀ ọ́n kọ, ẹ má gbà mọ́ pé fóònù yín ni kò dáa. Ẹ bi wọ́n pé ta ni wọ́n kọ ọ́ fún.

A padà lọ sọ́dọ̀ Màmá ní ọ̀sẹ̀ kejì. A ò sọ ohunkóhun fún wọn, fóònù wọn kan náà la tún tẹ̀. Ojúewé náà dé kí a tó jókòó dáadáa. Màmá fi ìka fà á sókè díẹ̀díẹ̀, wọ́n dé ibi fọ́tò náà, ọkùnrin mẹ́sàn-án, orúkọ mẹ́sàn-án. Wọ́n wo bàbá títí. Lẹ́yìn náà, wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í ka orúkọ abẹ́ rẹ̀ jẹ́ẹ́jẹ́ẹ́, wọ́n sì dúró lójijì.

Wọ́n ní, "Ẹ ti gbé orúkọ ẹni kẹrin fún ẹni karùn-ún."

Òótọ́ ni. Ojú kan náà la ti fi kọ ọ́ sílẹ̀, àwa la ṣì í. A tún un ṣe níbẹ̀ níwájú wọn, orí fóònù tiwa. Ká ní Màmá kò rí i kà, báyìí ni àwọn bàbá méjèèjì ì bá ṣe máa jẹ́ orúkọ ara wọn lọ títí, kò sì sí ẹlòmíràn tí yóò mọ̀.